Ta Ló Ní Kí Ẹ Sin Gitla Wajcman Sábẹ́ Àgbélébùú?

Ara ògiri ilé búrẹ́dì ni mo ti kà á pé Gitla Wajcman ti kú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni. Búrẹ́dì ni mo fẹ́ rà, mo sì kọ́kọ́ gbójú sókè wo àwọn ìwé ìkéde òkú tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe ní Krasnowola kí a tó wọlé, ká lè mọ ẹni tó ti kúrò láàárín wa lọ́sẹ̀ yẹn. Orúkọ rẹ̀ ló wà láàárín, wọ́n fi ìlà dúdú yí i ká, àgbélébùú ńlá kan sì wà lókè orúkọ náà. Wọ́n ní aránṣọ tí gbogbo ìlú fẹ́ràn ni. Wọ́n ní ó ti sùn nínú Olúwa wa Jésù Kírísítì. Wọ́n ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìsìnkú yóò wáyé ní itẹ́ òkú ìlú, àti pé alága ìlú fúnra rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀.

Mo tún un kà. Júù ni Gitla Wajcman. Gbogbo Krasnowola mọ̀ pé Júù ni, torí kò sí ọjọ́ kan tí Krasnowola jẹ́ kó gbàgbé. Ní ọjà, nílé ìfìwéránṣẹ́, níbi tí a ti ń tò láti ra ẹran, "obìnrin Júù yẹn" lorúkọ tí wọ́n ń pè é. Ó wá kú tán, ó di Kírísítẹ́nì lójijì. Ta ló rì í bọmi? Àbí ikú ló ń ṣe ìrìbọmi fúnni ní ìlú wa báyìí?

Ẹ̀wẹ̀, àwọn Júù kì í sìnkú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ ìsinmi wọn ni. Iná lásán wọn kì í dá a lọ́jọ́ náà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Mi ò ra búrẹ́dì mọ́. Ilé alága ni mo gbà lọ tààrà.

Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Zenon Kłosek, ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Ó ní kí n jókòó, ó ní kí ìyàwó òun bu ọbẹ̀ fún mi. Èèyàn dáadáa ni nínú ilé rẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Mo sọ fún un pé wọn ò lè sin Gitla lọ́la.

"Kí ló dé tá ò lè sin ín, Àǹtí Ludwika? Ọjọ́ Àbámẹ́ta lọwọ́ gbogbo èèyàn máa ń dilẹ̀. Tá a bá fi sí ọjọ́ iṣẹ́, ta ló máa wá? Ṣé ẹ fẹ́ kí ìyá náà lọ bí ẹni tí ò léèyàn ni?"

"Àgbélébùú tẹ́ ẹ fi sórí orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Gbogbo ìwé òkú tó wà nílé ìtẹ̀wé ló ní àgbélébùú. Kò sẹ́ni tó fi bú u."

Mo ní Gitla ti sọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí, àti pé òun alága fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, torí ìṣojú mi ni. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ orí òkè ti parí tipẹ́, kí n jọ̀ọ́ má dá a sílẹ̀ padà, pàápàá bí ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ ṣe ń bọ̀ lọ́nà yìí. Ó ní ká jẹ́ kí ìlú rójú. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọbẹ̀ dé, mo sì dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ orí òkè náà, torí òun gan-an ló ń bí mi nínú.

Àwa ará Pólàǹdì, kò sí ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe tó ìtọ́jú òkú. Tó bá ti di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, kò sí ibi tí ọmọ Krasnowola wà tí kò ní padà sílé. A ó gbé búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ, a ó fọ òkúta ojú sàréè bí ẹni ń fọ ìkòkò, a ó gbé òdòdó lé e, a ó tan àbẹ́là títí ojú ọ̀run yóò fi pọ́n. Sàréè tí kò lẹ́bí, àwọn ọmọ ilé ìwé á tan iná síbẹ̀. Kódà àwọn ọmọ ogun Jámánì tó kú sí agbègbè wa nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́, tí a ò mọ orúkọ wọn, a máa ń tan tiwọn náà. A sì máa ń fi yangàn. Èmi náà ti fi yangàn rí, nínú ìwé ìròyìn yìí kan náà, pé ní orílẹ̀-èdè tiwa kò sí òkú tó wà nínú òkùnkùn.

Ó dáa. Níbo la máa ń gbé ọkọ̀ sí lọ́jọ́ náà?

Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Orí òkè tó dojú kọ itẹ́ òkú ìlú ni, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ọ̀dà funfun là sí wẹ́wẹ́, tí ọmọ ẹgbẹ́ panápaná kan á dúró níbẹ̀ tí á máa fọwọ́ júwe pé ẹ yà síbí, ẹ wọlé síbẹ̀ yẹn. Àwọn Júù ìlú wa ló sùn sábẹ́ ibẹ̀, láti ayé àwọn baba ńlá. Ìdajì Krasnowola ni Júù kí ogun àgbáyé kejì tó dé. Àwọn Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ sí í hú àwọn òkúta ojú sàréè, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sá sẹ́yìn Jámánì lọ́dọ̀ mi. Jámánì lọ tán, òkúta ṣì ń lọ. Òkúta di ilẹ̀ ilé màlúù. Òkúta di àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ wàrà. Nígbà tí òkúta tán, wọ́n mú katakata wá, wọ́n tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, ni wọ́n bá kun ìlà sí i. Orí àwọn òkú la ń wa ọkọ̀ gùn kí a tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bu ọlá fún òkú. Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ìbínú ni pé àwọn tó ń sọ pé kò sí sàréè kankan níbẹ̀, Òkè Júù ni àwọn náà ń pè é.

Ìyá Gitla wà níbẹ̀. Ó kú nígbà tí Gitla wà ní ọmọdébìnrin, ogun ò tíì dé, wọ́n sì sin ín bí ó ṣe yẹ. Bàbá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ni àwọn Jámánì fi kó wọn lọ pa, wọ́n sì sun wọ́n, eérú wọn gan-an kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Nítorí náà, nínú gbogbo ìdílé Wajcman, ìyá rẹ̀ nìkan ló ní ilẹ̀ tí èèyàn lè nawọ́ sí pé ibí ló wà. Ibẹ̀ ni Gitla fẹ́ kí wọ́n tẹ́ òun sí. Kò fẹ́ ohun mìíràn.

Nígbà tí yìnyín ọdún yìí yọ́ tán ló ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí ọ́fíìsì alága. Ó wọ kóòtù rẹ̀ tó dára jù, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó so ìborí. Wọ́n fún wa ní tíì. Ó ṣàlàyé wọ́ọ́rọ́wọ́ pé òun ti dàgbà, òun ò wá tọrọ oko, òun ò wá tọrọ ilé, àyè tó gba èèyàn kan péré lòun ń wá lórí òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun.

Alága ní, "Màmá, kò sí sàréè lórí òkè mọ́."

"Sàréè wà níbẹ̀, ọmọ mi. Òkúta ni kò sí."

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá ń ṣàlàyé òfin, pé itẹ́ tí wọn ò bá lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, títì ni wọ́n ń tì í, kì í ṣe òun ló ṣe òfin. Gitla bi í pé ta ló yẹ kó ti lò ó. Ó ní gbogbo àwọn tó yẹ kí wọ́n dàgbà, kí wọ́n kú, kí wọ́n sì sin wọ́n síbẹ̀, ibòmíràn ni wọ́n ti pa wọ́n, ṣé òfin mọ ìyẹn? Ojú ti akọ̀wé tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo rí i. Alága fa àga rẹ̀ súnmọ́ wa, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí fún ẹbí.

"Màmá, mo gbọ́ yín yé. Àmọ́ ẹ mọ báwọn èèyàn wa ṣe rí. Tá a bá sin ẹyọ kan ṣoṣo síbẹ̀, wọ́n á ní àwọn Júù ti ń padà bọ̀ wá gba ilé wọn."

Gitla ní, "Òkú ni mo fẹ́ dà, Alága. Ilé wo ni mo tún fẹ́ gbà?"

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀rín ló ń rín, ó di apá mi mú, ó ní kí n má fajú ro mọ́, ṣebí tíì wọn dùn. Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó pa á lẹ́kún, yóò wá ibi gbá a mú kó lè fi í ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn tó ń jókòó nílé ọtí, tí wọ́n gbà pé kò sí Júù tí kò ri góòlù mọ́lẹ̀, máa ń ké sí i tó bá ń kọjá pé, "Màmá, níbo lẹ ri góòlù yín mọ́? Ẹ fi hàn wá, a ò ní sọ fẹ́nì kan." Yóò dá wọn lóhùn pé, "Inú ẹnu yín ló wà. Ẹ pa á dé, ẹ má jẹ́ kó já bọ́." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, yóò sì máa lọ. Èmi ni mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Àlùmọ́gàjí rẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Aránṣọ ni, àlùmọ́gàjí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú. Ní agbo ilé Marczuk, tí kò jìnnà sí ilé rẹ̀ rárá, òkúta ìpọ́nbẹ ńlá kan wà tó rí roboto, tí gbogbo àdúgbò ń lò. Gitla kì í lọ síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló máa ń wọ̀ lọ sí ìlú kejì láti lọ pọ́n àlùmọ́gàjí, nínú òtútù, nínú òjò. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń fi ara rẹ̀ ni lára bẹ́ẹ̀ fún. Ó ní, "Orúkọ wà lára òkúta Marczuk." Mo lọ wò ó. Lóòótọ́, bí wọ́n ṣe gé e yíká, ìlà lẹ́tà àwọn Júù kan ṣì kù létí rẹ̀, irin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Orúkọ òkú èèyàn la fi ń pọ́n ọ̀bẹ tí a fi ń gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ní báyìí, ẹ̀yin kan á máa bi ara yín pé kí ló kan Ludwika Serafin nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹbí wo ló bá ìyá náà tan? Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe bi mí lọ́sibítù. Wọ́n gbé Gitla lọ síbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, mo lọ wò ó lọ́jọ́ kejì, ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó rán mi létí pé aṣọ òun wà nínú àpótí abẹ́ fèrèsé. Ìgbà tó kú, wọn ò pè mí, torí pé èmi kì í ṣe ẹbí. Ìjọba ìlú ni wọ́n pè. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kàn mí, ohun tí ìdílé wa ò tíì sọ ní gbangba rí.

Ìyá mi, Bronisława Serafin, ló fi Gitla pa mọ́ nígbà ogun. Inú ihò tí a ń kó pọ̀tétò sí lábẹ́ abà wa ló wà. Ọmọ kékeré ni mí, mo mọ̀ pé ẹnì kan wà lábẹ́ ilẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu, gbogbo wa la máa kú. Nígbà tí wọ́n lé àwọn Jámánì lọ, mo rò pé ìyá mi á ṣí abà sílẹ̀, á gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ra, wọn á jọ jáde síta. Ohun tó sọ fún un ṣì wà létí mi.

"Gitla, má bínú sí mi. Jẹ́ kí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ dé, gba inú oko lọ, kó o wá ti ọ̀nà tẹ́ṣàn rélùwéè wọ ìlú bí ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Mo mọ̀ pé Jámánì ti lọ. Àwọn aládùúgbò mi ni ò tíì lọ."

Gitla lọ, ó sì ti ọ̀nà tẹ́ṣàn wọlé. Ẹni àkọ́kọ́ tó pàdé ni ìyàwó ẹni tó ń ta ọtí. Obìnrin yẹn wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Hàá, ìwọ náà ṣì wà láyé?" Kì í ṣe ohùn ayọ̀. Gitla dé ilé bàbá rẹ̀, ó bá àwọn èèyàn níbẹ̀, wọ́n ń sùn lórí tìmùtìmù ìyá rẹ̀, wọn ò sì ṣí ju ìdajì ilẹ̀kùn fún un. Yàrá òkè tó dojú kọ ilé náà ló háyà, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú. Láràárọ̀ tó bá ṣí fèrèsé, ilé bàbá rẹ̀ ló ń wò.

Láti ìgbà náà, bí òun àti ìyá mi bá pàdé lójú títì, wọ́n á kí ara wọn bí àlejò méjì: "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyáàfin Wajcman." "Ẹ káàárọ̀, Ìyáàfin Serafin." Tó bá di ọjọ́ Àìkú, Gitla á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n á jókòó sí ilé ìdáná, wọ́n á máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Kí ló ń ba ìyá mi lẹ́rù? Òun tó gba Júù là lọ́wọ́ àwọn tó ní ìbọn, kí ló tún ń sá fún? Ẹ̀yin ni o. Ó ń bẹ̀rù pé ẹ máa sọ pé Júù ló sanwó fún òun, pé ẹ máa wá hú ilẹ̀ abà wò. Ó rí ohun tí wọ́n ṣe sí àwọn mìíràn tó fi Júù pa mọ́ ní abúlé tó yí wa ká. Ó kú pẹ̀lú iṣẹ́ rere náà nínú bí ẹni tó jalè. Nígbà tí a sin ín, Gitla dúró sí ìta ọgbà títí gbogbo èèyàn fi lọ, ó wá wọlé, ó gbé òkúta wẹ́wẹ́ kan lé orí sàréè, bí àwọn Júù ṣe máa ń ṣe. Olùtọ́jú itẹ́ gbá a dànù. Ó gbé òmíràn wá. Lọ́dọọdún ló ń gbé e wá.

Àwọn kan á ní ayé ogun ti kọjá. Ṣé ogun ló dá a dúró níbi iṣẹ́ lọ́dún 1968, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn Júù wábi gbà? Ilé iṣẹ́ ìránṣọ àjùmọ̀ní tó ti fi ojú rẹ̀ rán yúnífọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ yín, ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ ní kó máa lọ sí ìlú rẹ̀. Gitla kó àlùmọ́gàjí rẹ̀ sínú báàgì, ó lọ sí ìlú rẹ̀: ó yà sọ́wọ́ òsì, ó kọjá níwájú ilé búrẹ́dì, ó dé ilé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé, wọ́n sin ín. Mo lọ, torí mi ò lè jẹ́ kó lọ láàárín ẹ̀yin nìkan. Mi ò gbé aṣọ inú àpótí rẹ̀ dání, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n fi í sin ín sábẹ́ àgbélébùú. Ọ̀gbẹ́ni Kulpa tó ń sìnkú ti wọ aṣọ búráùn fún un, aṣọ tí wọ́n rí gbà nínú àwọn aṣọ ìtọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti we rosárì mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo bi í pé kí lèyí. Kò mọ̀ pé òun ṣẹ̀. Ó ní, "Mi ò lè jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfìfo, Àǹtí. Èmi ni mo fi ti ìyá mi ta á lọ́rẹ." Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bú ọkùnrin yẹn. Omi lé sí mi lójú, inú sì ń bí mi, lẹ́ẹ̀kan náà.

Fádà wọ́n omi mímọ́ sórí pósí. Àwọn afọnfèrè panápaná fọn orin Màríà. Ọkùnrin Júù mẹ́wàá ló yẹ kó dúró ṣe àdúrà òkú fún un ní èdè wọn. Ẹyọ kan kò sí. Wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, wọ́n ri àgbélébùú pátákó mọ́ ọn lórí. Lẹ́yìn náà ni alága bọ́ fìlà, ó sì sọ̀rọ̀. Ó ní Krasnowola pàdánù ìyá rere kan. Ó ní ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ó wá ní, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó má bàa sọ pé òun ò sọ ọ́: "Ní gbogbo ayé rẹ̀, ìyá yìí ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa."

Alága Kłosek, ẹ̀yin àti ta ló jọ mu tíì? Ta ló jókòó síwájú yín tó ń bẹ̀ yín pé àyè ẹnì kan ṣoṣo? Ohun kan péré ló béèrè ní gbogbo ayé rẹ̀, lọ́wọ́ yín ló ti béèrè rẹ̀, ibi tí ó fẹ́ gan-an sì wà ní òdìkejì títì ibi tí ẹ dúró sí tí ẹ ń parọ́. Ẹ nawọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Ojú ò tì yín?

Láti ibẹ̀, yàrá Gitla ni mo lọ. Ó ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tipẹ́. Mi ò lo kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ti já ilẹ̀kùn. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ ya tìmùtìmù, ìyẹ́ wà káàkiri. Wọ́n ti hú pákó ilẹ̀, wọ́n ti yọ bíríkì ara ààrò. Nígbà tí àwa ń gbọ́ orin Màríà ní itẹ́ òkú, àwọn kan nínú wa ń wá góòlù. Ẹ̀fẹ̀ lẹ pè é níwájú ilé ọtí. Ṣé ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀?

Ohun tí Gitla pa mọ́ wà nílẹ̀ níwájú fèrèsé, wọ́n ti dà á jáde nínú àpótí, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Aṣọ òkú rẹ̀ ni, aṣọ funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ó ti fi hàn mí rí. Kò fi ẹ̀rọ rán an, ọwọ́ ló fi ṣe é, abẹ́rẹ́ àti òwú. Ó jẹ́ kí n wá àpò nínú rẹ̀, mi ò rí. Ó ní aṣọ òkú àwọn kì í ní àpò, torí òkú ò ní nǹkan tó fẹ́ kó lọ. Àwọn tó wá wá góòlù ti gbọn ọ́n wò, wọn ò rí ibi tí wọ́n máa ki ọwọ́ bọ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ nù. Ojú ẹsẹ̀ bàtà ńlá wà láàárín àyà rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì sunkún.

Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ dé lọ́sẹ̀ yìí, gbogbo yín wá. Mo dúró ní ẹsẹ̀ òkè, mo ń wo bí ẹ ṣe ń wọlé síbẹ̀, ọkọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ọmọ panápaná ń fọwọ́ júwe. Mo rí ọkọ̀ alága. Mo rí ọkọ̀ Fádà. Ẹ kó òdòdó àti àbẹ́là jáde lórí ìyá Gitla, ẹ sọdá títì, àwọn kan nínú yín sì tan àbẹ́là fún Gitla nídìí àgbélébùú yẹn. Mo gbà pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n irú ìfẹ́ wo ló ń dúró títí èèyàn á fi kú, tí yóò wá fún un ní gbogbo nǹkan àfi ohun tó béèrè?

Nítorí náà, mo ń béèrè. Alága Kłosek, ta ló fọwọ́ sí i kí wọ́n sin Júù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, sábẹ́ àgbélébùú, lẹ́yìn tí ẹnì kan ti wá sọ fún yín lójúkojú? Ẹ dá a lóhùn ní ìpàdé ìlú tó ń bọ̀, kí gbogbo èèyàn gbọ́. Ẹ̀yin ọlọ́pàá, wọ́n fọ́ yàrá òkú ní ọ̀sán gangan, lójú òpópónà tí gbogbo wa ń gbà, ẹ sì sọ fún mi pé kò sí ẹni tó rí nǹkan. Ẹ tún lọ bi wọ́n. Fádà, ẹ yọ àgbélébùú yẹn fúnra yín, torí ẹ mọ̀ pé kò béèrè rẹ̀. Ẹ kó ọkọ̀ kúrò lórí òkè. Ọ̀gbẹ́ni Marczuk, òkúta yẹn kì í ṣe tiyín. Mo ti bá àwọn àgbà Júù tó kù ní Warsaw sọ̀rọ̀, wọ́n ní òfin wọn gbà kí wọ́n hú òkú kó lè lọ sùn lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n sì ti ṣe tán láti kó ọkùnrin mẹ́wàá wá. Ìwé àṣẹ alága nìkan ló dá wọn dúró.

Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ òkúta lu fèrèsé mi nítorí ohun tí ìyá mi ṣe nígbà ogun, ilé wa kò tíì ṣí kúrò níbi tí ẹ mọ̀ ọ́n sí. Mi ò ní gba oko lọ, mi ò sì ní ti ọ̀nà tẹ́ṣàn wọlé.

Alága, mo ti fọ aṣọ náà. Ojú ẹsẹ̀ yẹn kò tètè lọ, omi gbígbóná ni mo fi lé e jáde. Mo ti lọ̀ ọ́, mo ti ká a, ó wà lórí tábìlì ilé ìdáná níbi tí òun àti ìyá mi máa ń jókòó sí. Ó ti rán an tán fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí òkè sílẹ̀, kí n lè rí ibi gbé e lọ wọ̀ fún un.